Kí àdúrà àpapọ̀ má baà di ìjà

Okun o, àbúrò mi. O ní àdúrà àpapọ̀ tí ẹ dá sílẹ̀ nílùú yín, ECWA (Evangelical Church Winning All), Kátólíìkì, Áńgílíkà, CAC (Christ Apostolic Church) àti Kérúbù àti Séráfù, ti tú ká lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ lórí orúkọ Màríà, èkejì sì jẹ́ lórí ẹnì kan tó ríran sí ọmọ ìjọ mìíràn níwájú gbogbo èèyàn. O tún béèrè ohun tí o lè ṣe sí àdúrà tìrẹ fúnra rẹ tó ti gbẹ látìgbà náà. Èsì mi máa gùn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an.

Ìgbàgbọ́ kọ́ ló sábà ń tú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ká. Àìsí ètò ni. Gbogbo yín wọlé, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ẹnu ẹni kejì máa sọ, olúkúlùkù wá ń gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń gbà á níjọ tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú ogún, ẹnì kan á ti gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò lè gbà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ kọ ètò náà sílẹ̀ lórí ìwé kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é fojú fò nílẹ̀ wa, ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SIM, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò ECWA ti ta káàkiri Yàgbà. Kátólíìkì àti Áńgílíkà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìhà Kàbà àti Ìjùmú. CAC jáde látinú ìsọjí 1930 tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Iléṣà. Nítorí náà, nínú agbo ilé kan ṣoṣo, ìyá lè jẹ́ ECWA, kí ẹ̀gbọ́n bàbá jẹ́ Kátólíìkì, kí ọmọ máa lọ sí Deeper Life. A jọ ń sìnkú, a jọ ń ṣe ìyàwó. Ó yẹ kí a lè jọ kúnlẹ̀ fún wákàtí kan.

Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ìpàdé náà kì í ṣe. Kì í ṣe ìdàpọ̀ ìjọ. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ti gbìyànjú èyí rí ní Nàìjíríà. Wọ́n ṣètò títí wọ́n fi mú ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá 1965, ètò náà sì fọ́ nígbà tó kù díẹ̀. Bí àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jíròrò kò bá rí i ṣe, kí ẹ̀yin má gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ìpàdé oṣooṣù lórí. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀, pé a kò ní pín oúnjẹ alẹ́ Olúwa níbẹ̀, nítorí Kátólíìkì kì í pín in pẹ̀lú ìjọ mìíràn bẹ́ẹ̀. Ìrìbọmi ọmọdé tàbí ti àgbà kò sì ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹ má ṣe pe àwọn èèyàn síwájú láti wá gba Jésù níbẹ̀. Ẹni tó ti ń lọ sí Máàsì láti kékeré á gbọ́ ọ bíi pé ẹ pè é ní kèfèrí.

Ohun tí gbogbo yín lè dúró lé lórí wà nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti àwọn Àpọ́sítélì: Ọlọ́run Baba Ẹlẹ́dàá; Jésù Kristi Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wúńdíá bí, tí a kàn mọ́ àgbélébùú lábẹ́ Pílátù, tó kú, tí a sin, tó jíǹde ní ọjọ́ kẹta, tí yóò padà wá ṣe ìdájọ́; Ẹ̀mí Mímọ́; ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀; àjíǹde ara; ìyè àìnípẹ̀kun. Ẹ ka Éfésù 4:4-6 mọ́ ọn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á á rí i pé kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ìjọ yín èyíkéyìí sẹ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé wọn ṣáájú. Ọ̀kan ni “Kátólíìkì”, nínú gbólóhùn “ìjọ mímọ́ Kátólíìkì”. Tí ọmọ ECWA bá rí i lórí ìwé, ó lè pa ẹnu mọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìjọ tó wà káàkiri gbogbo ayé, àwọn Áńgílíkà sì ń pè é láìjẹ́ pé wọ́n wà lábẹ́ Póòpù. Bí ó bá ṣì ń di ẹnì kan lọ́nà, ẹ kọ “ìjọ mímọ́ káàkiri ayé” sórí ìwé, kí àlùfáà Kátólíìkì mọ̀ ṣáájú pé a kò fi pa ìjọ rẹ̀ rẹ́. Èkejì ni gbólóhùn pé Jésù sọ̀kalẹ̀ lọ sí ipò òkú. Àwọn kan á rò pé iná ọ̀run àpáàdì ni. Ẹ sọ fún wọn pé ibùgbé àwọn òkú ni ó túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ECWA àti CAC kì í ka Ìjẹ́wọ́ náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún gbogbo èèyàn, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni.

Àdúrà Olúwa náà ní ibi tó ti máa ń fọ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni. Kátólíìkì máa dúró lẹ́yìn “gbà wá lọ́wọ́ bìlísì”. Àwọn yòókù á tẹ̀ síwájú sí “nítorí ìjọba ni tìrẹ”. Ìdajì ilé dákẹ́, ìdajì ń pariwo, àwọn ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Kátólíìkì kò kórìíra gbólóhùn yẹn o. Nínú Máàsì, àlùfáà ló máa ń fi àdúrà kan sáàárín, kí ìjọ tó wí i. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé: a ó sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wa á jọ parí rẹ̀.

Ní ti Màríà tó tú yín ká. Ẹ má ṣe ní kí Kátólíìkì sẹ́ ìyá Olúwa, ẹ má sì ṣe ní kí ECWA pè é nínú àdúrà. Àwọn tó fẹ́ ka Rósárì, àdúrà ìlẹ̀kẹ̀ tí Kátólíìkì fi ń ké pe Màríà, lè kà á ní ìjọ wọn kí wọ́n tó wá. Nínú ìpàdé, Baba nípasẹ̀ Ọmọ nínú Ẹ̀mí Mímọ́ ni gbogbo àdúrà máa lọ sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àmì àgbélébùú, kí ó ṣe é. Ẹni tí kò fẹ́, kí ó fi í sílẹ̀. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wàásù tó ń bẹnu àtẹ́ lu ìjọ mìíràn. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo òfin yòókù lọ.

Ọjọ́ wo? Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé kò dára, ìsìnkú ló máa ń gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Ẹ wo ọjọ́ ọjà yín pẹ̀lú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá àwọn àgbẹ̀ mu, tí ẹ bá sì parí ní mẹ́fà, gbogbo èèyàn á délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ojú ọ̀nà ṣe rí lákòókò yìí, ẹ má ṣe ìṣọ́ òru. Ní ti ibi ìpàdé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngàn ìlú, fún ìpàdé mẹ́fà ó kéré tán. Kérúbù ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé àdúrà, wọ́n sì ní àwọn ìlànà mìíràn nípa ẹni tó lè wọlé àti ìgbà tó lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ṣẹ̀ wọ́n láìmọ̀. Lẹ́yìn tí ojú bá ti mọ ojú, ẹ lè máa yí i ká láti ìjọ dé ìjọ.

Wákàtí kan tó. Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n pín in nìyí: orin ìṣẹ́jú márùn-ún, Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ìṣẹ́jú méjì, Sáàmù ìṣẹ́jú mẹ́rin, bíbélì kíkà ìṣẹ́jú mẹ́rin láìsí ìwàásù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kókó àdúrà mẹ́fà, ìṣẹ́jú mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdúrà Olúwa ìṣẹ́jú méjì, ìkéde àti oore-ọ̀fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ orin sórí ìwé, nítorí orin kan náà lè ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nínú ìwé orin ìjọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà láti inú ìwé 66 tó wà nínú Bíbélì gbogbo yín. Ti Kátólíìkì jẹ́ 73, àwọn méje yòókù sì ni kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ máa ka ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù sókè pẹ̀lú, nítorí nínú àwọn ìwé àdúrà Kátólíìkì àtijọ́ kan, Sáàmù 23 ni wọ́n ń pè ní 22.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ti kókó kọ̀ọ̀kan ni ọkàn ìpàdé náà wà. CAC àti Kérúbù mọ bí a ṣe ń gbóhùn sókè lápapọ̀. Fún wọn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dà bí oorun. Kátólíìkì àti Áńgílíkà mọ bí ẹnì kan ṣe ń gbà á kí a sì ṣe àmín. Fún wọn, ariwo gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà dà bí ọjà. Má ṣe yan ọ̀kan. Olùdarí á ka kókó náà, á gbàdúrà fún ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo ilé á gbóhùn sókè fún mẹ́ta. Agogo á dún, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan á tẹ̀ lé e. Ẹni tó mú agogo gbọ́dọ̀ ní aago lọ́wọ́, kí ó má sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Tí kò bá lù ú lákòókò, ohùn tó lágbára jù á gba ìpàdé náà, àwọn yòókù kò sì ní padà wá.

Àwọn aṣojú, méjì láti ìjọ kọ̀ọ̀kan, ni kí ó kọ kókó mẹ́fà náà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ohun tó ń ka gbogbo yín lára ni kí wọ́n mú: ààbò lójú ọ̀nà àti nínú oko, àwọn tí wọ́n jí gbé àti ẹbí wọn, òjò tó tó iṣu, àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́, àwọn aláìsàn tó gbà kí a dárúkọ wọn, àti àwọn olórí ìlú. Ẹ yọ àdúrà ikú sórí ọ̀tá kúrò pátápátá. Nílùú kékeré, ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè rò pé òun ni ọ̀tá tí ẹ ń sọ.

Ìran rírí kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu níbẹ̀. Kì í ṣe pé a ń sẹ́ ẹ̀bùn Ẹ̀mí. Pọ́ọ̀lù ní kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù sì ṣe ìdájọ́, 1 Kọ́ríńtì 14:29. Nínú ìjọ kan, a mọ ẹni tó ń ṣe ìdájọ́ yẹn. Nínú àpapọ̀, kò sí. Ẹni tó bá rí nǹkan, kí ó lọ sọ fún olùṣọ́-àgùntàn tirẹ̀, kí olùṣọ́-àgùntàn méjèèjì jọ gbé e yẹ̀ wò. Ẹ má gba owó ọrẹ pẹ̀lú. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa san owó ìwé ní oṣù tirẹ̀.

Ní ti àdúrà tìrẹ tó gbẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, ní ibì kan náà, ní àkókò kan náà, fi fóònù sí yàrá mìíràn. Ka Sáàmù kan sókè, kí etí rẹ gbọ́ ọ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 13, 42 àti 88. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn láìrí ìdáhùn, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì, ó sì jẹ́ àdúrà. Jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Jẹ́wọ́ ohun kan pàtó, kí o má kàn sọ pé “gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi”. Dárúkọ èèyàn márùn-ún láti inú ìwé kékeré kan, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ tó bí ọ nínú. Fi Àdúrà Olúwa parí rẹ̀, ní díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti tó ogójì ọjọ́, o lè bọ́ sí ètò Sáàmù tó wà nínú ìwé àdúrà Áńgílíkà, tó pín 150 sí ọgbọ̀n ọjọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Má ṣe fò sínú rẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí méjì kì í rí ọ̀sẹ̀ kejì.

Ààwẹ̀ dára, àmọ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ inú, aboyún, àti ẹni tó ń lo oògùn kò gbọ́dọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ìtìjú. Kí wọ́n fi ohun mìíràn jẹ́ ààwẹ̀: tẹlifíṣọ̀n, fóònù, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Kí ẹ tó pe ìpàdé kẹta, ẹni tí wọ́n ríran sí yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Kí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà lọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ nìkan, láìkó èrò lẹ́yìn. Kí ó tọrọ àforíjì nílé, kí ó sì tún un ṣe ní gbangba lọ́jọ́ ìpàdé, nítorí gbangba ni ó ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣe èyí lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà kí àwọn aṣojú jókòó lórí ìwé ètò.