Owó ìtanràn Meta kì í ṣe owó àpínjẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n fi ìránṣẹ́ kan sí gúrúùpù wa pé owó tí ìjọba gbà lọ́wọ́ Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni WhatsApp àti Facebook, ti délẹ̀, pé ₦350,000 ló kan ẹnikẹ́ni tó bá ń lo WhatsApp. Wọ́n ní ká san ₦5,000 fún fọ́ọ̀mù, ká sì fi BVN àti NIN wa ránṣẹ́. Báwo ni mo ṣe lè rí tèmi gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ti fi BVN ránṣẹ́, ẹ pe báǹkì yín kí ẹ tó ka ìyókù. Bí nọ́ńbà OTP bá wọ fóònù yín, ẹ má kà á sétí ẹnikẹ́ni, ohun tó kù tí àwọn oníjìbìtì náà ń wá gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè yìí ti sú mi í dá lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù keje ọdún 2024, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, bu ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta àti WhatsApp, nítorí pé òfin ìlò tí WhatsApp gbé jáde ní 2021 kò fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti yàn bí wọ́n ṣe máa lo dátà rẹ̀, bó ṣe fún àwọn ará Yúróòpù. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2025 ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fọwọ́ sí ìtanràn yẹn, ó tún fi $35,000 kún un fún ìnáwó ìwádìí. Ohun tó kan ẹ̀yin oníbàárà nínú àṣẹ FCCPC ni pé kí Meta dá ẹ̀tọ́ yín padà láti pinnu ẹni tó lè lo dátà yín. Kò sí owó àpínjẹ níbẹ̀.

Ìtanràn yàtọ̀ sí owó gbà-má-bínú. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá gba ojú ọ̀nà tí kò yẹ, tó sì gbá yín, owó tó san fún LASTMA kò ní tún bọ́ńpà yín ṣe. Ìjọba ló fìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bá a fa tiyín. Ẹ tiẹ̀ ṣírò rẹ̀ wò: ká ní a pín $220 mílíọ̀nù fún 50 mílíọ̀nù ènìyàn, $4.40 ló máa kan ẹnì kan. Níbo ni ₦350,000 ti fẹ́ wá?

Wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n àwọn ní Amẹ́ríkà gba owó Facebook. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n $5 bílíọ̀nù tí FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gbà lọ́wọ́ Facebook ní 2019 wọ àpò ìjọba Amẹ́ríkà, kò kan aráàlú. Èyí tí wọ́n pín ni $725 mílíọ̀nù tí ilé-iṣẹ́ náà fi parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà fúnra wọn pè lórí ọ̀rọ̀ Cambridge Analytica, ilé-iṣẹ́ tó kó dátà àwọn oníbàárà Facebook láìgba àṣẹ wọn. Àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún, ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì ti parí láti ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2023.

Ẹni tó ní ẹjọ́ ní Nàìjíríà ni ẹni tó lè tọ́ka sí ìpalára. Àpẹẹrẹ tó lágbára ni ti ápù ayánilówó tó fi ọ̀rọ̀ àbùkù nípa yín ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín. Abala 46 òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 fún yín láyè láti fi ẹjọ́ sun NDPC, àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà. Abala 51 sì gbà yín láyè láti pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú. Kò sí iye kan pàtó tí òfin kọ sílẹ̀, adájọ́ ló máa wò ó. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó bá rí ìwé yín ló lè sọ bóyá ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi kò tíì rí i, n kò sì ní ṣèlérí.

Ohun tó máa ń ba ẹjọ́ báyìí jẹ́ ni pé inú á bí ènìyàn, á pa ìránṣẹ́ náà rẹ́, á tún yọ ápù náà kúrò. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù, kí nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago hàn nínú rẹ̀. Kí àwọn tó gba ọ̀rọ̀ àbùkù náà ya tiwọn náà.