Ṣé ẹ̀tàn ni àtúnṣe ohùn nínú sítúdíò?

Rárá o; iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni orin sítúdíò, ọ̀tọ̀ ni orin ojú agbo. Nínú sítúdíò, akọrin lè kọ ìlà kan náà léraléra, kí wọ́n sì gé ibi tó dùn jù lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan so pọ̀, débi pé ẹ kò ní gbọ́ ibi tó ti mí. Láti ọdún 1997 tí Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn orin ṣe, èyí tí Andy Hildebrand ṣe, ti jáde, ohùn tó yẹ̀ pàápàá ṣeé dá padà sí ipò rẹ̀. Ohun tí mo kà sí ẹ̀tàn ni kí akọrin máa la ẹnu lásán lórí ìtàgé, kí ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ máa jáde, nígbà tí àwọn ènìyàn sanwó láti gbọ́ ọ lójúkorojú.