Etí ọmọ mi ò gbọ́ dáadáa, ó sì ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì: ta ló máa ràn án lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 18, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ community college níbí l'Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ etí ló ń lò. Nígbà tó wà ní high school, wọ́n máa ń pè mí sípàdé lọ́dọọdún, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń bá a ṣe. Níbi tó wà báyìí, kò sẹ́ni tó pè mí, èmi náà pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ò lè bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀. Á lọ kíláàsì, á padà sílé, kò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ófíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ọ̀rọ̀ yín yìí gan-an làwọn òbí máa ń gbé wá tí sẹ̀mẹ́sítà bá ti bẹ̀rẹ̀. Òfin tó ń jẹ́ kí high school máa wá ọmọ kiri, kí wọ́n máa pe òbí, IDEA ni, òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara, ọjọ́ tọ́mọ bá ti jáde high school ló parí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òfin méjì tí kì í jẹ́ kí wọ́n fi ìpèníjà ara yan èèyàn nípọ̀sìn, Section 504 ti 1973 àti ADA ti 1990, ló ń dáàbò bò ó, wọ́n lágbára o, àmọ́ ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa lanu sọ ohun tó nílò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin FERPA, tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, náà ti gbé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ìdí tí wọn ò fi dá yín lóhùn nìyẹn. Tó bá fọwọ́ síwèé pé òun gbà, wọ́n lè bá yín sọ̀rọ̀.

Kó wá ófíìsì yẹn lọ, Disability Services tàbí Accessibility ni wọ́n sábà máa ń pè é, kó mú ìwé dókítà etí dání. IEP, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe fún un ní high school, dáa láti mú lọ, àmọ́ ó lè máà tó. Wọ́n á fún un ní lẹ́tà tí àwọn prófẹ́sọ̀ ẹ̀ máa rí, lẹ́tà yẹn á sọ ohun tó nílò, kò ní sọ àìsàn tó ń ṣe é. Ó lè gba ẹni tó máa tẹ ohun tí prófẹ́sọ̀ ń sọ sójú kọ̀ǹpútà fún un, kò ní san kọ́bọ̀, ẹ̀rọ etí gangan ni wọn ò ní rà fún un. Kó tètè lọ o, torí wíwá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdánwò tó bá sì ti ṣe kí lẹ́tà tó dé, wọn kì í sábà padà sí i.

Ti ọ̀rẹ́ ló ń dùn mí jù. Mo ti jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn á ti rẹ́rìn-ín tán kóun tó ka ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, á wá máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan, kò pẹ́ tí ò fi ní rẹ́rìn-ín mọ́. Community college tó pọ̀ ni ò ní ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, tí kíláàsì bá ti tán, oníkálukú ti wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, ẹni tí ò bá dúró kò lè bá ẹnì kankan pàdé. Kó máa dúró wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó má lọ sí kafitéríà, ariwo ibẹ̀ ò ní jẹ́ kó fi ẹ̀rọ etí ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, yàrá tí wọ́n ti ń kàwé ní méjì mẹ́ta ni kó lọ. Kó sì wọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí o: Section 504 àti ADA yẹn náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ń ṣe, ó lè ní kí wọ́n bá òun wá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ wá síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ gbé e lọ sí ófíìsì yẹn, ẹ jókòó síta. Ẹ jẹ́ kó fi gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa sọ dánra wò nílé pẹ̀lú yín ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, “Etí mi ò gbọ́ dáadáa, mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀,” kó wá dá wọlé.