X-Bow mi kọjú sí ilẹ̀, Balloon ń gba orí rẹ̀ kọjá: ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí Clash of Clans

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Town Hall 10 (ìpele kẹwàá) ni mo wà nínú Clash of Clans, géèmù orí fóònù tí a ti ń kọ́ ìlú, tí a sì ń kọlu ìlú ẹlòmíràn. X-Bow mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ tó ń ta ọfà, ni mo yí sí ilẹ̀ nìkan, torí ọ̀rẹ́ mi kan ní ọfà rẹ̀ máa ń lọ jìnnà jù báyẹn. Inferno Tower mi méjèèjì, ilé ìṣọ́ tó ń fi iná jó ọ̀tá, ẹnìkan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n máa jó. Nínú ogun mẹ́ta tí clan wa (ẹgbẹ́ wa) jà kẹ́yìn, ìràwọ̀ mẹ́ta, ìyẹn gbogbo ìlú pátá, ni wọ́n gbà lórí mi nígbà gbogbo. Àwọn àgbà clan ti ń sọ pé àwọn ò ní mú mi lọ sógun mọ́. Kí ni kí n yí padà?
Àbúrò yín ní Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí wọ́n tú ìlú ẹni palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí àwọn àgbà clan tún máa wojú ẹni, kì í ṣe ohun kékeré. Mo mọ bó ṣe ń rí lára.

Ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. X-Bow tí a bá yí sí ilẹ̀ nìkan ń ta dé táìlì 14, ìyẹn àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n fi pín ilẹ̀ ìlú. Èyí tí a bá yí sí ilẹ̀ àti òkè ń ta dé 11.5. Nínú ìlú tó fẹ̀ ní táìlì 44 lóròó àti níbùú, táìlì méjì àbọ̀ yẹn tó nǹkan. X-Bow tó bá wà láàárín gbùngbùn máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbogbo ohun tó bá fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ fi sílẹ̀ ni pé X-Bow yẹn ò ní ta ohunkóhun tó ń fò, bó tilẹ̀ bà lé e lórí. Cannon kì í ta òkè. Mortar kì í ta òkè. Tó o bá wá fi X-Bow mẹ́ta kún wọn, ta ló kù tó máa gbèjà rẹ lókè? Air Defense mẹ́rin, Archer Tower, Wizard Tower, Hidden Tesla àti Inferno méjèèjì. Ẹni tó bá sì mọ ogun òkè jà, Air Defense mẹ́rin yẹn ló máa kọ́kọ́ wá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀, iná ti lọ, bátìrì fóònù mi ò ju ìdá mẹ́sàn-án lọ. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo la fi ń ṣáájú, wọ́n sì ti wá sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ṣí replay, fídíò ìkọlù náà. Lava Hound méjì, ẹranko tó ń fò, ń wọ́ bọ̀ láti apá òsì, Balloon tó ń ju bọ́ǹbù tò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Wọ́n dé orí X-Bow tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Town Hall mi. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ó nà gbọọrọ bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ já lé e, kò ta ọfà kan. Bọ́ǹbù kejì já, kò ta ọfà kan. Ó fọ́. Bẹ́ẹ̀ mo ti yí X-Bow padà sí òkè lọ́sẹ̀ tó ṣáájú! Ìlú tí mò ń gbé nílé ni mo yí i, mi ò dé orí àwòrán ìlú tí mo fi ń lọ sógun. Ọ̀tọ̀ ni ètò ti ilé, ọ̀tọ̀ ni ti ogun. Tó o bá yí ọ̀kan, ìkejì dúró bó ṣe wà. Ogun yẹn bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó sì dùn mí wọra, torí àwọn mẹ́rìnlá yòókù ti ṣe ipa tiwọn.

Nítorí náà, lónìí olónìí, kó o tó ka èyí tó kù, ṣí àwòrán ìlú ogun rẹ, kó o wo X-Bow kọ̀ọ̀kan. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ nìkan ló wà. Tó bá gbé imú sókè, ó ń ta ilẹ̀, ó ń ta òkè. Rántí pé ọ̀tá tó bá wá yọjú wo ìlú rẹ lọ́jọ́ ìmúrasílẹ̀ ń rí imú yẹn bí ìwọ náà ṣe ń rí i. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. X-Bow mẹ́ta tó sùn sílẹ̀ ni ògiri rẹ tó lanu.

Lẹ́yìn ìyẹn, mú ìwé àti bírò. Má ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé "báwo ni ó ṣe dára jù," kódà lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń wá jà ọ́ lógun ni kó o béèrè lọ́wọ́ wọn. Wo replay ìkọlù mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ti ilé àti ti ogun. Ìkọlù kan ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, o sì lè mú kó sáré. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ohun mẹ́ta: ṣé òkè ni wọ́n gbà tàbí ilẹ̀, apá ibo ni wọ́n ti wọlé, ohun ààbò wo ló kú láìṣe iṣẹ́ kankan. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa kọ́ ọ ní ọgbọ́n jù. O ò sọ irú ọmọ ogun tí wọ́n kó wá bá ọ, àmọ́ ìràwọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìlú tí X-Bow rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀, òkè ni mo fura sí.

Tó bá jẹ́ pé mẹ́ta nínú mẹ́wàá ti òkè wá, yí X-Bow mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ilẹ̀ àti òkè. Èmi ò ní fi ju ẹyọ kan lọ sí ilẹ̀ láé, èyí tó wà láàárín gan-an, ìyẹn tí ìwé rẹ bá fi hàn pé Hog Rider àti Miner, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀, ni wọ́n ń kó wá ṣáá.

Inferno Tower ló ń fẹ́ àròjinlẹ̀. Èyí tó ń jó ẹnìkan ṣoṣo máa ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 1.5 iná náà le sí i, tó bá sì ti pé 5.25 lórí ẹni kan náà, kò sí òmìrán tó lè fara dà á. Golem, P.E.K.K.A, Dragon, Archer Queen tí Healer ń tọ̀ lẹ́yìn tó ń wò ó sàn, gbogbo wọn ló bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti pa ẹni yẹn, tó yí sí ẹlòmíràn, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá fi Freeze, idán tó ń dì nǹkan, dì í, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Kí ẹnì kan sọ egungun kéékèèké tàbí àdán yí i ká, á máa fi iná ńlá jó kòkòrò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn gidi á sì ráyè wọlé.

Èyí tó ń jó ọ̀pọ̀ ń mú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń nà dé táìlì 10 nígbà tí ti ẹnìkan ṣoṣo ń nà dé 9. Iná rẹ̀ kì í le sí i, àmọ́ kì í sinmi. Hog Rider tí wọ́n dà jọ, àdán, Balloon, òun ló yẹ wọ́n.

Wo bí èyí ṣe kan tìẹ. Tí wọ́n bá ń kó Lava Hound àti Balloon wá, Inferno rẹ méjèèjì á gbájú mọ́ Lava Hound, ìyẹn tí awọ rẹ̀ nípọn, Balloon á sì máa ṣe bó ṣe wù ú. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kó o fi ó kéré tán ọ̀kan sí. Tó bá jẹ́ Dragon lásán ni, jẹ́ kí méjèèjì wà ní ẹnìkan ṣoṣo bí wọ́n ṣe wà. Òkè ni méjèèjì, ìdáhùn wọn ò jọra. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o mú bírò. Tí ìwé rẹ bá dàrú, tí o ò rí ibi kan tó wúwo, fi ọ̀kan sí ẹnìkan ṣoṣo, kó o fi ìkejì sí ọ̀pọ̀, kí ọ̀tá gbé ẹrù méjì wá.

Wákàtí 23 ni ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ ogun. O lè yí ètò padà títí tí yóò fi pé. Tí ogun bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti bọ́. Kó o wá mú ìwé rẹ lọ bá àwọn àgbà clan. Ẹni tó bá rí i pé o ti ka ìkọlù mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní lè lé ọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí ẹ, ọmọ mi. Ẹni ọdún 57 ni mí, aṣọ ni mò ń tà l'Óṣogbo, ọmọ mi ọkùnrin ló fi géèmù yìí hàn mí, ó sì ń mú inú mi dùn nígbà tí ọjà bá tutù. Town Hall 8 ni mo wà. Dragon ni wọ́n ń kó bá mi lójoojúmọ́. Ọmọ mi ní kí n yí Air Sweeper, mi ò mọ ibi tí mo máa yí i sí.

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ọjà o, mo yọ̀ gan-an láti rí lẹ́tà yín.

Ẹ fọkàn yàwòrán fáànù tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Tó bá kọjú sí oníbàárà, ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ò ní rí atẹ́gùn. Bí Air Sweeper ṣe rí nìyẹn. Atẹ́gùn rẹ̀ ń lọ dé táìlì 15, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta àyíká rẹ̀ ló ń fẹ́ sí. Ọ̀nà mẹ́jọ lẹ lè yí i sí. Kì í pani; ó kàn ń ti Dragon sẹ́yìn, kí Air Defense yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ráyè ta á. Nítorí náà, ẹ wo apá tí wọ́n ti sábà ń wọlé, ẹ kọ ojú rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí atẹ́gùn náà á fi gba orí Air Defense kọjá. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń gbà, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ tún wo Skeleton Trap méjèèjì, pańpẹ́ tó fara pamọ́ tí egungun ń jáde látinú rẹ̀. Tí ẹ bá fi wọ́n sí ilẹ̀, Dragon ò lè ta wọ́n jí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ yí méjèèjì sí òkè. Ọ̀tá kì í rí wọn tẹ́lẹ̀, Dragon á sì dúró bá egungun jà lójú ọ̀nà níbi tí Air Defense ti ń rí i.

Ní Town Hall 9, Air Sweeper kejì á dé, á sì lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà náà.