Ìbéèrè Yín: Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ rédíò méjì ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí 7.2 MHz?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. SA612, IC kékeré kan, ni mo fi ṣe mixer (apá tó ń da ìgbì méjì pọ̀) rédíò shortwave tí mo ń kọ́. IF rẹ̀ (ìgbì àárín tí mixer ń sọ ìgbì tó wọlé dà) jẹ́ 455 kHz. Tí mo bá yí i dé 7.2 MHz, ohùn ilé-iṣẹ́ mìíràn á dà pọ̀ mọ́ èyí tí mò ń wá. Bátìrì 9 V ni mo lò, capacitor kan ṣoṣo ló sì wà láàárín eríàlì àti pin 1. Ṣé mixer náà ti bàjẹ́ ni? – Òǹkàwé kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́ rárá. Oscillator yín (apá tó ń ṣe ìgbì tirẹ̀ fún mixer) wà lórí 7.655 MHz. Ẹ yọ 7.2 kúrò nínú rẹ̀, 455 kHz ló kù. Ẹ tún yọ 7.655 kúrò nínú 8.11 MHz, ìgbì ilé-iṣẹ́ kejì yẹn, 455 kHz kan náà ni. Mixer kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, tí wọ́n bá sì ti jọ wọlé, fílítà IF kò lè yà wọ́n mọ́. Kí 8.11 tó dé ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá a dúró.

Ẹ we wáyà ní ìyípo 31 sórí T50-2, òrùka pupa kan tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú irin ṣe. Ó máa fún yín ní 4.7 µH. Capacitor 82 pF pẹ̀lú trimmer (capacitor tó ṣeé yí) 5–40 pF ló máa gbé e dé 7.2 MHz. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so orí kọ́ìlì yìí mọ́ pin 1 tààrà, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: 1.5 kΩ inú pin náà á fa Q (bí kọ́ìlì ṣe ń ṣa ìgbì kan yọ láàárín àwọn yòókù tó) wálẹ̀ sí 7 péré. Ìyípo 10 mìíràn ni kí ẹ we lé e, kí ẹnu kan lọ sí pin 1, èkejì sí pin 2, kí capacitor 100 nF sì gba pin 2 lọ sí ground. Capacitor yẹn ṣe pàtàkì, torí IC fúnra rẹ̀ ló ń fún pin méjèèjì ní fóltéèjì. Q á tó 50, 8.11 á sì lọ sílẹ̀ ní bíi 22 dB.

Ìyẹn ò tíì tó lójú tiwa. Ẹ ṣe kọ́ìlì kejì síwájú rẹ̀, kí capacitor 2 pF wà láàárín wọn, kí eríàlì wọlé láti ìyípo 2.

Bátìrì tuntun máa ń ju 9 V lọ, SA612 kò sì gbọdọ̀ rí ju 8 V lọ. Ẹ fi 78L05, tó ń sọ fóltéèjì di 5 V, sí i. Oscillator gbọ́dọ̀ tó 200 sí 300 mV, òkè dé ìsàlẹ̀, ní pin 6. Tó bá kéré sí i, ohùn á rẹ̀ dòò.

Tí ìdàpọ̀ bá ṣì kù, ẹ fi pot (resistor tó ṣeé yí) 1 kΩ dín agbára eríàlì kù. Tí ohùn tó ń dà pọ̀ náà bá yára lọ sílẹ̀ ju ohùn ilé-iṣẹ́ yín lọ, ìgbì alágbára kan nítòsí ló ń bo mixer mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pot náà wà níbẹ̀.