Ẹ fi etí ajá sílẹ̀ fún ajá: ìdáhùn sí lẹ́tà yín

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti dáhùn ìbéèrè kan lórí ìrù ajá gígé lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti ń ya wọlé lórí etí gígé, wọ́n dẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò lè máa fèsì lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, torí náà mo mú mẹ́rin nínú wọn, mo gé èyí tó gùn kúrú, mo yọ orúkọ kúrò. Àwọn kan bú mi o. Mo ti kà á, kò burú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ o, Àǹtí Dókítà. Mo ra ọmọ Dobermann kan, ọ̀sẹ̀ 9 ló wà báyìí, ara ẹ̀ dá ṣáṣá àmọ́ etí ẹ̀ kàn sùn lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ẹni tó tà á fún mi ní ká gé e kó lè dúró ṣánṣán, pé òun mọ ẹnì kan tó máa ń wá bá èèyàn gé e nílé, 30,000 náírà, kò dẹ̀ ní pẹ́ tó máa fi parí. Ó ní tá ò bá gé e, ajá ò ní máa gbọ́ràn dáadáa, àrùn á máa wọ inú etí ẹ̀, olè ò dẹ̀ ní bẹ̀rù ẹ̀. Ìyàwó mi ní lójú òun kọ́. Ta ló tọ̀nà nínú wa? (Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín ló tọ̀nà. Ẹ má bínú sí mi, ẹ dẹ̀ má bínú sí i.

Lálẹ́ òní, tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ gbé ọmọ ajá yẹn lé itan, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sẹ́yìn etí ẹ̀. Ẹ máa rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó pín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ káàkiri bíi ti inú ewé tí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Ẹ kàn fi orí ìka tọ́ irun etí yẹn wẹ́rẹ́, kíá ló máa gbọ̀n ọ́n. Ohun tí wọ́n fẹ́ gé nìyẹn o. Kì í ṣe irun, kì í ṣe èékánná tó máa hù padà, awọ ni, eegun rírọ̀ ni, iṣan tó ń gbé ìrora lọ sínú ọpọlọ ni, nígbà míì wọ́n á gé e tó ìdajì.

Níbi tí òfin ti gbà á láyè, dókítà ẹran ló ń ṣe é, láàárín ọ̀sẹ̀ 7 sí 12, wọ́n á fún ajá lóògùn oorun kó má mọ nǹkan kan, wọ́n á gé e, wọ́n á rán an, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á wá fi téèpù so etí mọ́ nǹkan tó le kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, wọ́n á máa tú téèpù yẹn, wọ́n á tún máa so ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà míì ó máa ń tó oṣù mélòó kan, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, etí míì ò ní dúró. Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe é ní bàráńdà yín, oògùn oorun wo ló fẹ́ lò? Ta ló máa wọn ajá yẹn kó tó mọ iye tó yẹ kó fún un? Ẹ bi í. Nǹkan míì tún wà tí ẹni tó tà á fún yín ò sọ: Dobermann wà lára àwọn ajá tí àìsàn von Willebrand pọ̀ láàárín wọn gan-an, ẹ̀jẹ̀ ajá tó bá ní in kì í tètè dì, èèyàn dẹ̀ lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí abẹ bá kàn án. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi rí láago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n ti fi táwẹ̀lì mẹ́ta we orí ẹ̀, ẹ̀kẹta ọ̀hún náà ti rin gbindin. A rí i gbà là. Àmọ́ mi ò tíì gbàgbé bó ṣe tutù lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ pé kò ní gbọ́ràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ni ajá ti ń gbọ́ràn, èyí tó wà níta kàn ń bá a kó ohùn wọlé ni, ajá tí etí ẹ̀ sùn á ti gbọ́ ìró gétì kẹ́ ẹ̀yin tó gbọ́ ọ. Ti àrùn etí ńkọ́? Cocker Spaniel àti Basset Hound tí àrùn etí máa ń bá fínra jù, ẹnikẹ́ni kì í gé tiwọn. Tó bá jẹ́ torí àrùn ni, ṣé kì í ṣe àwọn yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gé? Ti olè, ẹ wo Rottweiler. Etí ẹ̀ sùn látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò dẹ̀ sí àdúgbò kan l'Ékòó tí wọn ò ti ń bẹ̀rù ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìgbà tí wọ́n ń gé e. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 títí di ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 14 ni ọmọ ajá máa ń kọ́ ayé, ìgbà yẹn ló ń mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn dáa, pé àlejò kì í ṣe ewu, pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ò lè pa á. Àárín ìgbà yẹn gan-an lẹ fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ rí wá dì í mọ́lẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ̀yin fúnra yín wá máa fa téèpù lára egbò ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ń wá ajá tó máa ṣọ́lé, tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, tó mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí olè. Ajá tí ọwọ́ èèyàn bá ti ń bà lẹ́rù láti kékeré kì í bi ẹni tó ń bọ̀ kó tó gé e jẹ, ọmọ yín ló dẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ ọn jù.

Ẹ máa wo etí yẹn tẹ́ ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́. Tẹ́rù bá ń bà á, á fà á sẹ́yìn pẹlẹbẹ mọ́ orí. Tó bá gbúròó nǹkan, á tì í síwájú díẹ̀, ìdí etí á ga. Tínú ẹ̀ bá ń dùn, á rọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ló ń bá yín sọ yẹn, àwọn ajá ẹgbẹ́ ẹ̀ náà dẹ̀ ń kà á.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ̀yin lẹ̀ ń ba ọjà wa jẹ́. Ọdún 11 ni mo ti ń sin ajá tà. Kọsítọ́mà á wo ọmọ Dobermann tí etí ẹ̀ ò dúró, á ní kì í ṣe orijínà, á sọ̀ ọ́ sílẹ̀ á máa lọ. Ní Amẹ́ríkà gan-an wọ́n ń gé e. Kí la wá ṣe tó burú? (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń là kọjá, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta báàgì oúnjẹ ajá báyìí, mo dẹ̀ mọ ohun tí àrùn parvo tó ń pa ọmọ ajá lè ṣe sí ọmọ ajá mẹ́jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré. Mi ò bá yín jà rárá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ orijínà yẹn, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ìlú Apolda ní Jámánì ni Dobermann ti wá. Agbowó-orí kan tó ń jẹ́ Louis Dobermann ló bẹ̀rẹ̀ sí sin ín ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún 19, ajá tó máa ṣọ́ òun ló ń wá. Láyé ìgbà yẹn, ìdí tí wọ́n fi ń gé etí ajá ìṣọ́ ni pé kí ẹni tó bá ń bá a jà má rí nǹkan dì mú. Jámánì yẹn kan náà ti fòfin de etí gígé láti 1987. Àjọ FCI tó ń kọ bí irú ajá kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ kó rí, ìwé Dobermann tí wọ́n gbé jáde ní 2015 sọ pé etí tí wọ́n fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bí i ni. Torí náà tí kọsítọ́mà bá tún ní kì í ṣe orijínà, ẹ fi í jókòó, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún un pé níbi tí ajá yìí ti wá, èyí tí wọn ò gé ni orijínà.

Òótọ́ lẹ sọ nípa Amẹ́ríkà. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó dè é níbẹ̀, American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ níbẹ̀, ṣì kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn pé wọ́n sábà máa ń gé etí Dobermann kó lè dúró, wọ́n ní ara ohun tó fi ajá yẹn hàn ni. Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ní Amẹ́ríkà náà, AVMA, ti sọ láti 2008 pé àwọn ò fara mọ́ etí gígé torí ẹwà. Ọdún 2008 yẹn náà ni ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ẹran ní Brazil kà á léèwọ̀ fún dókítà wọn. Nílé wa níbí, òfin Criminal Code, abala 495, ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà. Ó dùn mí pé iye tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa fi polówó ni èyí tí ẹlòmíì ò ní. Àìsàn ọkàn ń pa Dobermann gan-an, iṣan ọkàn á fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ajá á kàn ṣubú lọ́jọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá lè gbé bàbá àti ìyá lọ fún àyẹ̀wò ọkàn, kẹ́ ẹ fi ìwé ẹ̀ han kọsítọ́mà pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo mọ àwọn tó máa san owó jù báyẹn lọ fún un. Wọn ò pọ̀ lónìí, òótọ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ màámi. Peckham ní London ni mo wà, ọmọ ọdún 23 ni mí. Mo fẹ́ ra ajá XL Bully, mo dẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gé etí ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òun mọ ẹni tó ń ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Ṣé ewu wà ńbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó wà, ọmọ mi. Ajá yẹn fúnra ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ gbàgbé. Láti 1 February 2024, ẹnikẹ́ni ò lè ní XL Bully ní England àti Wales láìní ìwé àṣẹ, láti ìparí December 2023 ni wọ́n dẹ̀ ti fòfin dè é láti tà á tàbí mú un bímọ. Ní ti etí, òfin Animal Welfare Act ti 2006 mú ẹni tó gé e àti ẹni tó ní kí wọ́n gé e, láti 2021 ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún. Kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ àná lọ́dọ̀ wọn, nítorí Prince of Wales tó padà di King Edward VII ti kọ̀wé ta kò ó ní 1895. Má fi bòńkẹ́lẹ́ ọ̀rẹ́ ba ìwé ìgbélùú rẹ jẹ́. Tó bá jẹ́ ajá lò ń wá lóòótọ́, àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tí kò lólúwa pọ̀ ní London, lọ wo tiwọn.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ-ọmọ mi ló fi abẹfẹ́lẹ́ gé etí ajá wa, ó ní òun rí i lórí fóònù. Ó ti di ọjọ́ karùn-ún, ó ń rùn, ajá ò jẹun, ó kàn ń forí nu ògiri. Mo fẹ́ fún un ní ìbùprófẹ̀n tí mò ń lò fún orúnkún. Ṣé etí ọ̀hún á tún hù? (Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Bàbá, mo ti pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ sínú lẹ́tà yín, a dẹ̀ ti sọ̀rọ̀, mo kàn tẹ̀ ẹ́ síbí torí àwọn míì tí irú ẹ̀ wà nílé wọn ni. Ẹ má fún ajá ní ìbùprófẹ̀n láéláé, ó lè lu ìfun ẹ̀ kó dẹ̀ ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́. Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí òróró ẹ́ńjìnì sí egbò. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ po ṣíbí tíì iyọ̀ kan mọ́ ìdajì lítà, kẹ́ ẹ máa fi aṣọ tó mọ́ rẹ egbò yẹn jẹ́jẹ́ títí tí dókítà ẹran á fi rí i, ó dẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí egbò tó ti ń rùn tí ajá ò dẹ̀ jẹun, abẹ́rẹ́ ló kù. Ẹ fi ajá sínú ilé kí eṣinṣin má yé sí i lára, ìdin kì í pẹ́ jáde nínú ooru yìí.

Ọmọ yẹn, ẹ má lù ú. Ẹ ní kó wá máa di orí ajá mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ egbò, kó gbọ́ ohùn tí ajá ń ké.

Etí ò ní hù mọ́, bàbá. Ibi tí egbò bá jiná sí ló máa wà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan dúró kí èkejì ṣubú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi téèpù so ó.