Ẹ má tíì jẹ́ kí pẹ́ńtà fi fánìṣì kun pèpéle onípákó yín

Ẹ̀gbọ́n wa ní Parakin, ní Ilé-Ifẹ̀, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní pèpéle onípákó àfàrà tí ẹ ṣe sí ẹ̀yìnkùlé lọ́dún méjì sẹ́yìn ti dúdú, ó sì ń yọ̀ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀. Pẹ́ńtà ní kí ẹ fi kọ́sítíìkì fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun á wá fi fánìṣì kùn ún lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná. Bí mo ṣe ṣe tèmi gan-an nìyẹn níbí ní Iléṣà, ìyá mi ló jìyà ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Iléṣà mọ̀ pé òkè àti àfonífojì ni. Ilé mìíràn wà tí iwájú ẹ̀ bá títì dọ́gba, tí ẹ̀yìn ẹ̀ sì ga ju orí èèyàn lọ. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Owó ilẹ̀ pupa àti búlọ́ọ̀kù tí à bá fi dí ẹ̀yìn náà ju agbára mi lọ, ni gbẹ́nàgbẹ́nà bá ní ká gbé pèpéle onípákó lé òpó. Ìrókò la fi ṣe é, lọ́dún 2015. Ìyá mi fẹ́ràn ibẹ̀ ju pálọ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ló ti ń gbàdúrà ìdájí.

Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, pákó ti dà bí eérú. Mo pò kọ́sítíìkì mọ́ omi, mo dà á sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Èyí tí mo rò pé yóò mọ́, ńṣe ló dúdú sí i, ojú ẹ̀ sì hu fúkẹ́fúkẹ́ bí irun ológbò. Mi ò sinmi. Oòrùn ọjọ́ kan péré ló pa á tí mo fi kun fánìṣì lé e, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dán débi pé àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Oṣù Kẹta nìyẹn. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ibi tí oòrùn ti ń mú jù bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo fi èékánná ká ibi kan tó ti wú, ó sì ṣí wẹ́rẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá. Omi wà lábẹ́ ẹ̀ ní kíkán kíkán, bí ìrì tó sẹ̀ sínú ìdérí ìkòkò. Pákó abẹ́ ibẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ odò. Omi tí mo fi fọ̀ ọ́ ò tíì jáde tán tí mo fi fánìṣì dé e mọ́bẹ̀. Òjò tó tún ń rọ̀ ń gba ẹnu ìṣó àti orí pákó wọlé, kò sì rọ́nà jáde.

Lóṣù Keje, lẹ́yìn òjò àárọ̀ kan, ìyá mi jáde láti lọ ká aṣọ. Ibi tí fánìṣì ṣì wà ń dán, ibi tó ti bó ti hu nǹkan àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún kó fi gbé ara ẹ̀ ró, ọrùn ọwọ́ náà ṣẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi lè di ọmọ odó mú.

Ìdí tí mo fi ń kọ gígùn rèé.

Tiyín jẹ́ àfàrà, ìyẹn sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àfàrà ò lágbára lójú òjò bíi ìrókò, apá tàbí òpèpè. Ó tètè máa ń jẹrà. Kí ẹ tó náwó lórí oògùn kankan, ẹ mú ìṣó gígùn kan, ẹ máa fi gún pákó kọ̀ọ̀kan, pàápàá lórí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e, àti níbi tó ti jókòó lórí igi ìsàlẹ̀. Èyí tí ìṣó bá wọ̀ wẹ́rẹ́ bí ìgbà téèyàn ń gún búrẹ́dì, kò sí kíkùn tó lè sọ ọ́ di igi mọ́. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Kódà nínú ìrókò, apá funfun tó wà létí igi kì í lágbára bí inú ẹ̀ tó pọ́n; méjì lára tèmi ni mo pààrọ̀ nítorí ẹ̀.

Tó bá di fífọ̀, ẹ fi kọ́sítíìkì sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ. Híípò ni kí ẹ lò, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin òdòdó àti ẹ̀fọ́ tó wà nítòsí, kí ẹ sì fi tapólì bò wọ́n. Ẹ da híípò náà sórí pákó, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ fọ̀ ọ́, kí ọwọ́ yín máa tẹ̀lé ìlà igi. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ẹ má lo kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò o, nítorí ìdáwẹ́wẹ́ ẹ̀ á há sínú igi, á dípẹtà, á sì fa àbàwọ́n dúdú. Àbàwọ́n tó yí orí ìṣó ká, omi ọsàn wẹ́wẹ́ a máa dín in kù, àmọ́ ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi ṣan híípò kúrò pátápátá. Bí omi ọsàn bá pàdé híípò, afẹ́fẹ́ olóró ló máa jáde níbẹ̀, ó máa ń bá ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró jà. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń fọ mọ́tò ń lò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e débẹ̀. Omi ẹ̀ a máa gbẹ́ ojú àfàrà bí ṣísẹ́lì.

Gbígbẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà fífọ̀ nìkan ni kí ẹ ṣe báyìí. Kíkùn di ìparí oṣù Kọkànlá tàbí oṣù Kejìlá, kí eruku ọyẹ́ tó le jù. Tí ẹ bá pàdánù ìgbà yẹn, ó di oṣù Kejì. Lẹ́yìn tí mo bá fọ tèmi, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo ń fún un. Lálẹ́ ọjọ́ keje, mo máa ń gé ọ̀rá tó tó àtẹ́lẹwọ́, màá fi sẹ́lótéèpù lẹ etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pákó. Tí mo bá bá ìrì lábẹ́ ẹ̀ láàárọ̀, mi ò ní kun nǹkan kan. Tó bá gbẹ, màá kán omi díẹ̀ sójú pákó. Bí igi bá mu ún láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti ṣe tán.

Sánpépà nọ́ńbà 60 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fá ojú pákó, kí ẹ fi nọ́ńbà 80 parí ẹ̀. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Pákó tó bá ti dán jù kì í mu sítéènì, ìyẹn nǹkan olómi tí wọ́n fi ń kun igi, tó máa ń wọnú ẹ̀ dípò kó dúró sójú bíi fánìṣì. Ẹ fi nǹkan bo imú. Eruku ìrókò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dùbúlẹ̀ nígbà kan, ó ń ta imú, ó sì ń yún mi lára.

Lẹ́yìn tí mo fá fánìṣì àkọ́kọ́ yẹn kúrò, ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìkúnlẹ̀, ẹnì kan ní kí n lo epo linseed, epo irúgbìn kan tí wọ́n fi ń kun igi, pé kì í bó. Lóòótọ́ ni kì í bó. Àmọ́ tútù tí wọn ò sè ni mo rà, kò sì ní oògùn tí kì í jẹ́ kí igi bu. Ọjọ́ púpọ̀ ló fi ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí òjò dé, epo náà di oúnjẹ fún nǹkan dúdú tó máa ń bo búrẹ́dì, pákó tó ní àwọ̀ oyin lóṣù Kejì sì ti ní tóótòòtó dúdú lóṣù Karùn-ún.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà. Sítéènì alépo tí wọ́n ṣe fún igi ìta, tó ń wọnú igi, tí wọ́n kọ sára agolo ẹ̀ pé kì í jẹ́ kí igi bu, òun ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ mú èyí tó ní àwọ̀. Oòrùn ló ń sọ pákó di eérú, èyí tó mọ́ gaara ò sì lè dí i lọ́wọ́ bí èyí tó ní àwọ̀. Ẹ rò ó pọ̀ dáadáa pẹ̀lú igi, títí kan ìsàlẹ̀ agolo. Ẹ kùn ún nígbà tí oòrùn ò bá sí lórí pákó, ẹyọ pákó kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, láti orí dé ìdí láìdúró láàárín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ fi àkísà nu èyí tí igi ò mu kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù sójú á máa lẹ̀, á sì bó bíi fánìṣì. Orí pákó tí wọ́n gé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ fi kùn ún, nítorí ihò wínníwínní ibẹ̀ ni igi fi ń mu omi nígbà tó wà lóòró, òun náà ló ṣì fi ń mu ún.

Àkísà yẹn, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ tàbí kí ẹ rì í sínú omi. Èyí tó ní epo linseed lára lè gbiná fúnra ẹ̀. Tèmi ti rú èéfín rí nínú páànù láìsí ẹni tó ṣáná sí i.

Ẹnì kan máa sọ fún yín pé ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀m ti mọ́tò ló dára jù, pé owó pọ́ọ́kú ni. Fún òpó ọgbà, bóyá. Ibi tí ọmọdé ti ń rá, ẹ má gbà. Á máa ba ẹsẹ̀ jẹ́, á ba ilẹ̀ jẹ́, sítéènì ò sì ní wọ igi náà mọ́. Solignum, oògùn tí wọ́n fi ń dáàbò bo igi, ni kí ẹ fi kun igi ìsàlẹ̀ nítorí ikán, kí ẹ sì kó igi ìdáná àti koríko kúrò lábẹ́ kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀. Bí pákó bá fún mọ́ra, kí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣí i, kó fi sísanra ìṣó ínǹsì mẹ́rin, kì í ṣe gígùn ẹ̀, wọn àlàfo àárín wọn.

Tèmi, ọdọọdún ni mo ń fọ̀ ọ́, ọdún méjì méjì ni mo ń tún un kùn, kò sì gba ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ mọ́, nítorí kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fá. Fún àfàrà, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọdún kan.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi híípò fọ̀ ọ́ kó má gbé ẹnikẹ́ni ṣubú, kí ẹ sì fi ìṣó gún un bí mo ṣe sọ. Ẹ ní kí pẹ́ńtà má bínú, kó padà wá lóṣù Kejìlá.